Bí A Ṣe Lè Kọ́ Tíọ́rì Ìṣèlú Kọjá Plato àti Locke: Ìtọ́sọ́nà fún Olùkọ́ àti Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ilé-Ifẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ọ̀dọ̀ Plato ni kọ́ọ̀sì tíọ́rì ìṣèlú ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Á gba ọ̀dọ̀ Aristotle, Machiavelli, Hobbes, Locke àti Rousseau kọjá, á gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ Marx. Ìgbà tí sáà bá ń lọ sópin ni wọ́n á tó fi "èrò ìṣèlú Áfíríkà" kún un, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an sì ni ìyanṣẹ́lódì, ìsinmi tàbí ìmúrasílẹ̀ ìdánwò sábà máa ń jẹ. Ọmọ Ifẹ̀ á gboyè jáde, á mọ ohun tí Locke sọ nípa lílé ọba burúkú kúrò lórí oyè, àmọ́ bí ẹ bá bi í pé àwọn wo ló ní àṣẹ láti kọ Aláàfin, á kàn máa wojú yín ni.

Olùkọ́ tó fẹ́ tún kọ́ọ̀sì rẹ̀ tò la kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, àti akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ kó ẹgbẹ́ ìkàwé jọ. Ohun kan ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: èrò àwọn èèyàn kan ò tíì wọ kíláàsì àfi tí àríyànjiyàn àárín wọn bá bá a wọlé. Ẹni tó bá mú onírònú kan ṣoṣo wá láti Ṣáínà, tàbí ewì Ifá kan ṣoṣo láti ilẹ̀ Yorùbá, ère ló gbé wá. Èèyàn lè kí ère, kò lè bá a jiyàn.

Ìgbésẹ̀ 1: Ìbéèrè ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orílẹ̀-èdè

Ẹ má pín kọ́ọ̀sì yín sí ọ̀sẹ̀ Ṣáínà, ọ̀sẹ̀ Íńdíà, ọ̀sẹ̀ Lárúbáwá, ọ̀sẹ̀ Áfíríkà. Níbi tí wọ́n bá ti pín in báyìí, orúkọ àti ọjọ́ ìbí ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń há sórí. Ẹ fi ìbéèrè ṣe òpó rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́rin tó fún sáà kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kódà bí kàlẹ́ńdà bá sọ pé ọ̀sẹ̀ 15 ni, 12 ni kẹ́ ẹ ṣètò fún, torí ìforúkọsílẹ̀ àti ìdánwò ò ní jẹ́ kí ìyókù tẹ̀ yín lọ́wọ́. Mẹ́rin tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nìyí:

– Ta ló lè yọ ọba, ọ̀nà wo ló sì máa gbé e gbà?
– Kí ló ń so àwọn èèyàn ìlú pọ̀?
– Ṣé ìbò ló yẹ ká fi parí ọ̀rọ̀ ni, àbí ká jókòó títí ẹnu á fi kò?
– Owó ìjọba, owó ta ni?

Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí Hobbes, Locke tàbí Rousseau ò ní ohun gidi sọ sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró. Awólọ́wọ̀, Nkrumah àti Nyerere ka ìwé àwọn ará Yúróòpù, wọ́n gba èyí tó wù wọ́n, wọ́n sì dá wọn lóhùn. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ò ní mọ èsì. Onímọ̀ ọgbọ́n-orí nì, Olúfẹ́mi Táíwò, tiẹ̀ kọ ìwé kan ní 2022 láti sọ pé èrò bí òmìnira ẹnì kọ̀ọ̀kan àti ìjọba abẹ́ òfin kì í ṣe ohun ìní Yúróòpù nìkan, pé àwọn ọmọ Áfíríkà mọ̀ọ́mọ̀ mú un ni, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn. Àwa gbà pé ó tọ̀nà lórí ìyẹn. Kíláàsì tó lé Locke jáde ò tíì fẹ̀ sí i.

Ìgbésẹ̀ 2: Méjì-méjì ni kẹ́ ẹ máa mú wọn

Fún onírònú kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú wọlé, ẹ wá ẹni tó bá a jiyàn láti inú àwọn èèyàn tirẹ̀. Bẹ́ ò bá rí i, ẹ jẹ́ kí ó dúró ná. Ojú ewé 20 sí 25 tó fún ọ̀sẹ̀ kan, ká pín in sí ọ̀nà méjì. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn mẹ́ta tó jókòó síwájú nìkan ló máa kà á.

Láti Ṣáínà, ẹ mú Mengzi, tí àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Mencius, kẹ́ ẹ sì gbé Han Fei kò ó. Mengzi ní ará ìlú ló ṣe pàtàkì jù, ọba ló fúyẹ́ jù. Han Fei, tó dé lẹ́yìn rẹ̀, ní ẹni tó bá ń dúró de ọba oníwà rere á dúró pẹ́, pé òfin àti ìyà àti èrè ni kí wọ́n fi to ìlú. Láti Íńdíà, ẹ mú Gandhi àti Ambedkar, agbẹjọ́rò tó dojú ìjà kọ ìpín ẹ̀yà ìran níbẹ̀. Ní 1936, wọ́n pe Ambedkar kó wá sọ̀rọ̀ níbi àpérò kan lórí ìpín ẹ̀yà ìran tí wọ́n ń pè ní caste. Nígbà táwọn tó pè é rí ohun tó fẹ́ sọ, wọ́n fagi lé àpérò náà. Ó tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀, Gandhi dá a lóhùn nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Ambedkar sì tẹ èsì Gandhi pọ̀ mọ́ èsì tirẹ̀ nínú ẹ̀dà kejì. Ìwé kan ṣoṣo, ẹni méjì tí wọ́n ń jà nínú rẹ̀: ó rọrùn fún kíláàsì.

Èyí tá a fẹ́ kẹ́ ẹ fún láyè jù ni ti Muhammad Bello, ọmọ Usman dan Fodio, àti al-Kanemi, ọ̀mọ̀wé tó dúró fún Borno, torí inú ilẹ̀ tó di Nàìjíríà yìí ló ti ṣẹlẹ̀. Jìháàdì Usman dan Fodio bẹ̀rẹ̀ ní 1804. Nígbà tó dé Borno, al-Kanemi kọ lẹ́tà sí àwọn olórí jìháàdì náà ní èdè Lárúbáwá pé kí ló dé tí Mùsùlùmí ń gbógun ti Mùsùlùmí. Kò jiyàn pé àwọn èèyàn Borno ń dẹ́ṣẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ẹ̀ṣẹ̀ yàtọ̀ sí kèfèrí, àti pé bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ la fi ń gbógun, kò sí ìlú Mùsùlùmí tó máa yè é. Bello fèsì pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lásán, pé ìjọba Borno ti gbè sẹ́yìn àwọn ọba Hausa tí wọ́n ń bá jà, àti pé ìwà àwọn olórí rẹ̀ ti ré kọjá ẹ̀ṣẹ̀. Ìgbà wo ni ọba tó ń kírun pẹ̀lú wa di ẹni tá a lè gbógun tì? Kò sí kíláàsì tíọ́rì ìṣèlú tí ìbéèrè yẹn ò bá mu. Bẹ́ ẹ bá ń kọ́ ọ, ẹ rán akẹ́kọ̀ọ́ létí pé inú ìwé Bello, Infaq al-Maysur, la ti rí àwọn lẹ́tà náà kà. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń jà ló tọ́jú wọn fún wa, kí wọ́n fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìgbésẹ̀ 3: Bí ẹ ṣe máa kọ́ ìbéèrè kan tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta

Ẹ jẹ́ ká fi "Ta ló lè yọ ọba?" ṣe àpẹẹrẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ẹ ka orí tó kẹ́yìn nínú ìwé kejì Locke lórí ìjọba, èyí tó jáde ní 1689, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti bi Mengzi bóyá ìjòyè lè pa ọba rẹ̀. Mengzi fèsì pé ẹni tó ti ba àánú àti òdodo jẹ́ kì í ṣe ọba mọ́, èèyàn lásán ni, àti pé èèyàn lásán lòun gbọ́ pé wọ́n pa. Iṣẹ́ kíláàsì: fún Locke, ta ló ń pinnu pé ọba ti di èèyàn lásán? Fún Mengzi ńkọ́? Ẹ fún wọn ní ogún ìṣẹ́jú ní ẹgbẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin, kí wọ́n kọ ìdáhùn sí ìdajì ìwé.

Ọ̀sẹ̀ kejì jẹ́ ti Ọ̀yọ́. Ìwé ìtàn tí Samuel Johnson parí ní 1897, tó sì jáde ní 1921, ni kẹ́ ẹ lò, àmọ́ ẹ sọ ẹni tó kọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó ṣí i: àlùfáà ìjọ Áńgílíkà tó jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, ojú Ọ̀yọ́ ló sì fi wo ìyókù ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ ya tábìlì sójú pátákó, kẹ́ ẹ fi ìbéèrè mẹ́rin ṣe orí rẹ̀: Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ta ló lè kọ̀? Kí ló ń ṣẹlẹ̀ bó bá kọ̀? Ta ló ń ṣọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọba?

Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ pé Ọ̀yọ́ Mèsì jẹ́ ìjòyè méje, Baṣọ̀run ni olórí wọn. Bí wọ́n bá kọ Aláàfin, Baṣọ̀run á kéde pé òrìṣà kọ̀ ọ́, ará ìlú kọ̀ ọ́, ilẹ̀ pàápàá kọ̀ ọ́. Ìtàn sọ pé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí i, Aláàfin ò sì ní yè é. Ògbóni ló wà lẹ́yìn Ọ̀yọ́ Mèsì tó ń yẹ ìpinnu wọn wò. Ibí yìí ni inú kíláàsì máa ń dùn jù, ẹnì kan á sì sọ pé tiwa dára ju ti Òyìnbó lọ. Ẹ gbé Baṣọ̀run Gáà síwájú wọn lójú ẹsẹ̀. Láti 1754 títí di 1774, Gáà lo àṣẹ yìí kan náà láti mú Aláàfin kan lẹ́yìn òmíràn kúrò, títí Aláàfin Abíọ́dún fi kó àwọn ìlú ẹ̀yìn odi jọ, tó sì kápá rẹ̀. Ẹ wá padà sí òpó kẹrin lórí tábìlì: nígbà Gáà, ta ló ń ṣọ́ Baṣọ̀run? Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á fún wákàtí kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi wọ́n pé ta ni kò ní ohùn rárá nínú ètò náà. Ẹrú, ìwọ̀fà, àlejò, àti ọ̀pọ̀ obìnrin: bí wọn ò bá fẹnu ara wọn dárúkọ àwọn wọ̀nyí, ẹ má tíì kúrò lórí Ọ̀yọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: lẹ́tà Bello àti al-Kanemi. Ẹ ya ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn sọ́tọ̀ fún òde òní. Nígbà ìjọba amúnisìn, àṣẹ yíyọ ọba bọ́ sọ́wọ́ gómìnà àti àwọn aṣojú rẹ̀; òfin oyè jíjẹ ti Ìwọ̀ Oòrùn ní 1957 sì fi í sọ́wọ́ ìjọba. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn náà ló lé Aláàfin Adéyẹmí Kejì kúrò lórí oyè láàárín àwọn ọdún 1950. Ẹ wo tábìlì wò, kẹ́ ẹ bèèrè òpó tó ti sọ nù.

Ìgbésẹ̀ 4: Ọ̀rọ̀ ẹnu náà jẹ́ ìwé, ẹ bi í ní ìbéèrè bí ìwé

Ilé-Ifẹ̀ ní ohun tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ò ní: ọdún ìbílẹ̀ tó ń sọ èrò ìṣèlú jáde lójú gbogbo ayé. Ní ọdún Ìtàpá, àwọn ọlọ́bàtálá ń fi bí wọ́n ṣe pàdánù àti bí wọ́n ṣe padà wá hàn. Ní Ọlọ́jọ́, Ọọ̀ni á dé adé Àrè, á jáde. Ẹ̀gbẹ́ méjì nínú ìtàn kan náà ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ti Ọbàtálá àti ti Odùduwà, wọn ò sì sọ ohun kan náà nípa ẹni tó ni ìlú. Ẹ rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí méjèèjì. Ẹni tó bá lọ sí ọ̀kan nìkan, ọ̀rọ̀ ẹnì kan ló gbọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ bi àgbà léèrè, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́ ṣáájú, kó lọ kí wọn lákọ̀ọ́kọ́ láìgbé fóònù jáde, kó sì tọrọ àyè kó tó gbohùn sílẹ̀. Agbo-ilé méjì ó kéré tán, kó sì jẹ́ èyí tí ìtàn wọn ò bára mu: bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ oyè ni, ìdílé tó wà lórí oyè àti ìdílé tó ń retí. Ìbéèrè mẹ́ta tí kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ni: Ta ló sọ ọ́ fún yín, bàbá? Ta ni nínú ìlú tó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́? Ìgbà wo ni wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn? Ìbéèrè kejì ló ń so èso jù. Kó kọ orúkọ oyè, agbo-ilé, ìlú àti déètì sórí gbogbo ìwé.

Irú òfin kan náà ni ti Ifá. Ojú odù 16 ló wà, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 256. Ẹsẹ̀ inú wọn pọ̀ kọjá kíkà. Ẹsẹ̀ kan láti ẹnu babaláwo kan ò lè di "ohun tí Yorùbá gbà". Kí wọ́n kọ odù rẹ̀, ẹni tó kì í, àti ìlú tó ti kì í.

Òwe ló tún léwu jù. Akẹ́kọ̀ọ́ á pa òwe kan, á ka ọ̀rọ̀ náà sí èyí tó ti parí. Ẹ sọ ọ́ di òfin kíláàsì: ẹni tó bá fi òwe gbe èrò kan lẹ́sẹ̀ á mú èyí tó takò ó wá. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́" fi àbójútó sọ́wọ́ àgbà. "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀" kò jẹ́ kó dá a ní. Láàárín méjèèjì ni àríyànjiyàn wà, ibẹ̀ sì ni tíọ́rì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Àwọn ìbéèrè mẹ́ta tó kù

Fún ohun tó ń so ìlú pọ̀, ẹ gbé Hobbes sí ẹ̀gbẹ́ Ibn Khaldun, ọmọ Tunis tó kọ Muqaddimah rẹ̀ ní 1377. Asabiyya, ìṣọ̀kan àárín ara wọn tó ń mú ẹgbẹ́ kan jà bí ẹnì kan, ló ní ó ń gbé ìjọba dìde; ìgbádùn ààfin á jẹ ẹ́ tán ní nǹkan bí ìran mẹ́ta, tó fi 40 ọdún ka ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má wulẹ̀ gbé ẹ̀dà onípele mẹ́ta tí Rosenthal túmọ̀ ní 1958 fún akẹ́kọ̀ọ́. Èyí tí wọ́n gé kúrú sí ìwé kan ti tó. Láti Ifẹ̀ gan-an, ẹ mú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tí Akinsola Akiwowo ṣe nípa àjọbí àti àjọgbé ní yunifásítì Ifẹ̀ ní 1980, pẹ̀lú àsùwàdà, èrò nípa bí ẹ̀dá ṣe ń wà papọ̀, tó fà yọ láti inú àyájọ́ Ifá. Ní 1990, Lawuyi àti Táíwò kọ èsì, wọ́n bèèrè bóyá ọ̀rọ̀ inú ewì ti di tíọ́rì tó lè ṣàlàyé nǹkan. Ẹ ka méjèèjì ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Akínjógbìn, òpìtàn Ifẹ̀, náà sọ pé ẹbí ló so àwọn ìjọba Yorùbá pọ̀. Ẹ fi ogun Kírìjì, 1877 sí 1893, yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò.

Fún ìbò àti ìfẹnukò, Kwasi Wiredu, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ará Gánà, ló bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú bí ìgbìmọ̀ àwọn Ashanti ṣe ń jókòó títí ẹnu fi ń kò. Emmanuel Eze, ọmọ Nàìjíríà, bi í pé kí ló dé tó gbàgbọ́ pé ìrònú nìkan ló ń mú ẹnu kò, tí ìgbàgbọ́ nínú àwọn baba ńlá sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àdéhùn àlàáfíà 1886 tó dá Kírìjì dúró wà ní ẹ̀yìn ìwé Johnson, ó kan Ìjẹ̀ṣà, ó kan Èkìtì, ó sì ní abala tó kan Modákẹ́kẹ́. Ó dára gan-an fún iṣẹ́ kíláàsì. Àmọ́ ní Ifẹ̀, ẹ ṣọ́ra: ẹ má bi akẹ́kọ̀ọ́ kankan pé "ẹ̀yin ará ibẹ̀ ńkọ́?" Ìwé àdéhùn ni kí gbogbo wọn dojú kọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe aṣojú ìlú rẹ̀.

Fún owó ìjọba, àpilẹ̀kọ Peter Ekeh ní 1975 ṣì ni kò láfiwé. Ó ní amúnisìn pín wa sí àwùjọ méjì: ti ìlú ẹni, níbi tí ojú ti ń tì wá, àti ti ìjọba, níbi tí ojú ò ti ń tì wá. Ẹ rán akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá láti Iléṣà tàbí ìlú mìíràn lọ mú ìwé òfin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ wá. Kí ni ìyà ẹni tó jẹ owó ẹgbẹ́? Kí ni wọ́n ń fi dá ẹni tó ti owó ìjọba wá kọ́ gbọ̀ngàn ìlú lọ́lá? Kí wọ́n má ṣe kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọjọ́ orí ohun tẹ́ ẹ ń kà

Ìwé òfin Kurukan Fuga, tí wọ́n sọ pé Sundiata, ọba tó dá ìjọba Mali sílẹ̀, àti àwọn èèyàn rẹ̀ fẹnu kò lé lórí ní Mali ní 1236, wà káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì, olúkúlùkù ń sọ pé ó dàgbà ju òfin Amẹ́ríkà lọ fíìfíì. Àkójọ òfin 44 tí wọ́n ń kà yẹn, ìpàdé àwọn akéwì ìtàn ní Kankan, ní Guinea, ní 1998, ni wọ́n ti tò ó. Ìyẹn ò sọ ọ́ di irọ́, torí ọ̀rọ̀ ẹnu tó ti pẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá kọ 1236 sábẹ́ ẹ ti ṣi kọ. Bákan náà ni Arthashastra, ìwé àtijọ́ ti Íńdíà lórí ìṣàkóso ìlú: 1905 ni ọ̀mọ̀wé kan, Shamasastry, tún rí i, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè fi í ṣàlàyé ohun tí àwọn ọba Íńdíà ń rò ní ọ̀rúndún 18. Déètì méjì ni kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ: ìgbà tí wọ́n sọ pé a sọ ọ́, àti ìgbà tá a kọ èyí tá a ní lọ́wọ́.

Bẹ́ ẹ bá ń wá ìwé, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Hezekiah Oluwasanmi Library, ní ibi ìwé àpilẹ̀kọ oyè àti àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, kẹ́ ẹ tó wá a lórí fóònù. Àwọn fáìlì ìjọba amúnisìn lórí Ifẹ̀ àti Iléṣà wà ní National Archives ní Ìbàdàn. Fún ìwé tí wọ́n túmọ̀, ẹ wá ìtumọ̀ méjì fún ibi tó bá ṣe kókó, kẹ́ ẹ fi wọ́n wéra nínú kíláàsì.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìdánwò

Bí ìdánwò ò bá yí padà, gbogbo ìyókù ò ní dúró. "Ṣàlàyé èrò ìṣèlú Yorùbá" á mú oríyìn wá, torí ó ti gbà pé ẹyọ kan ló wà. Hountondji, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ọmọ orílẹ̀-èdè Benin, ti bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jà láti àwọn ọdún 1970, pé ìlú tí gbogbo èèyàn ti ń ronú bákan náà ò sí. Ẹ bi wọ́n báyìí: "Gẹ́gẹ́ bí al-Kanemi ṣe rò ó, ṣé Abíọ́dún jàre lórí Gáà? Kí ni Han Fei máa sọ?" Kò sí ìwé àkàtúnkà kan tí wọ́n lè ti da ìdáhùn rẹ̀ kọ.

Níbi tí iṣẹ́ sáà bá ti gba máàkì 40, ẹ fún ìjábọ̀ àgbo-ilé méjì ní 15, ìwé kékeré kan lórí àríyànjiyàn méjì-méjì ní 15, kí 10 jẹ́ ti ìbéèrè tí wọ́n kọ wá sí kíláàsì. Ẹ gé máàkì fún gbólóhùn tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Áfíríkà gbà pé" tàbí "Yorùbá gbà pé" láìsọ ta ni, ibo, ìgbà wo. Ẹ kọ òfin náà sórí ìlànà kọ́ọ̀sì láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kẹ́ ẹ sì fi dá "àwọn Òyìnbó gbà pé" náà lẹ́jọ́.